Igbà Tí Eku Jẹ

Akọ̀pẹ ni Ògúnsínà. Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, ló ń ṣe epo tà. Lọ́dún tí ọjà epo kú, kèrègbè epo kan kò ra iṣu méjì mọ́, ìfẹ́ tó wà láàárín wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ebi kì í kúkú wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí Ògúnsínà ṣe. Ó yọ́ mú aṣọ òfì tí ìyá Àwẹ̀ró fi sílẹ̀ fún un nínú àpótí, ó lọ fi pààrọ̀ èlùbọ́. Ìdí obìnrin mìíràn ni Àwẹ̀ró ti rí aṣọ náà. Ó sáré délé bá ọkọ rẹ̀.

"Aṣọ ìyá mi! Bí mo bá tún la ẹnu bá yín sọ̀rọ̀, kí ìyá mi má foríjì mí lọ́run!"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ tí yóò sì kẹ̀yìn sí ọkọ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń gbálẹ̀ lọ́wọ́ ló rí igbà, okùn tí ọkọ rẹ̀ fi ń gun ọ̀pẹ, lórí ìkọ́. Ebi tó ń pa ènìyàn ló ń pa eku: eku ti jẹ ẹ́ nídìí kókó, ó ku díẹ̀ kó já. Àwẹ̀ró lanu, ó rántí ìbúra rẹ̀, ó pa á dé. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé akọ̀pẹ wo ni kì í fa igbà rẹ̀ wò kó tó gùn? Yóò rí i fúnra rẹ̀.

Ògúnsínà gbé igbà kọ́ èjìká. "Àwẹ̀ró, mo ń lọ o."

Kò dáhùn.

Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó sáré dé oko. Yéè! Ògúnsínà ti wà lókè téńté. Òòyì ebi kò jẹ́ kó rántí fa okùn wò.

"Baálé mi! Ẹ rọra, ẹ sọ̀ kalẹ̀!"

Inú ọkùnrin náà dùn débi pé ó fẹ̀yìn ti igbà kó lè rí i dáadáa. "Àwẹ̀ró! O ti ń bá mi sọ̀rọ̀?"

Okùn já.

Igbe tí Àwẹ̀ró ké, wọ́n gbọ́ ọ dé abúlé. Ó gbá ọkọ rẹ̀ mú, ó ń pè é, ó ń pè é. Kò dáhùn.

Nígbà tí wọ́n gbé òkú délé, baálẹ̀ mú igbà náà, ó rí ojú eyín eku, ó kọjú sí Àwẹ̀ró. "Ṣé o rí èyí kó tó jáde?"

"Mo rí i, Bàbá."

"Kí ló wá dé tí o kò wí?"

"A ń jà ni."

Baálẹ̀ di orí mú. Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti ń fi òwe yìí la tọkọtaya níjà pé: Bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́.