Bí Mọ́rádékẹ́ Ṣe Gbá Bọ́ọ̀lù Gọ́ọ̀fù Kọjá Odò
Olóyè Láníhún, alága ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù kan nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, kò fẹ́ kí obìnrin bá wọn du ife-ẹ̀yẹ. Nígbà tí Mọ́rádékẹ́, tó fi gọ́ọ̀fù ṣe iṣẹ́ jẹun, wá forúkọ sílẹ̀, olóyè fa igi kan yọ nínú àpò ọmọbìnrin náà, ó ní, "Fi èyí gbá bọ́ọ̀lù kọjá odò yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí kò bá kọjá, máa lọ sílé." Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ gọ́ọ̀fù: igi yẹn, wọ́n kàn fi ń rọra ti bọ́ọ̀lù wọ ihò ni, kì í gbé bọ́ọ̀lù fò. Mọ́rádékẹ́ ní, "Ẹ ṣé, sà." Òfin gbà kí èèyàn gbé bọ́ọ̀lù síbi tó wù ú láàárín àmì méjì ibi ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà ó gbé tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì ọwọ́ ọ̀tún, níbi tó ti dojú kọ afárá sìmẹ́ńtì táwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń gbà kọjá odò. Ẹsẹ̀ ti tẹ ọ̀nà ibẹ̀ títí ó fi le, kò sí koríko kankan níbẹ̀ mọ́. Ó ti bọ́ọ̀lù náà dáadáa; ó yí lọ, ó gun afárá, ó sì dúró sí òdìkejì. Olóyè pariwo, "Màgòmágó ni! Orí afárá ló gbà!" Mọ́rádékẹ́ kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà ńkọ́, ṣé ẹ máa ń fò kọjá ni?" Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Olóyè náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ kọ orúkọ rẹ̀. Àmọ́ ẹ má fi í bá mi pàdé ní ìpele àkọ́kọ́ o."