Gìgísẹ̀ Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún

Kí ló máa ń gbé ẹsẹ̀ ẹni tí ẹ̀rù ń bà? Mo ṣì ń bi ara mi títí dòní.

Iṣẹ́ lébìrà ni mo bá lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, kí ọmọ mi má baà febi sùn. Lọ́jọ́ tí a bá ń da kọnkéré, àwa obìnrin á rù ú, a ó tò tẹ̀léra gun pákó tí wọ́n fi ṣe àtẹ̀gùn lọ sókè. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró, kí kọnkéré má baà le mọ́ wa lórí. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gùn ún, mo dé àárín pákó, mo wo bí ilẹ̀ ṣe jìnnà tó nísàlẹ̀. Mo dúró.

Ẹni tó wà lẹ́yìn mi ní, "Ìyá Tìwalolú, ṣé orí pákó lo fẹ́ kọ́ ilé tìrẹ sí ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá bíríkìlà ní bí n kò bá lè gùn ún, kí n máa lọ sílé.

Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún, àgbàlagbà tó wà níwájú mi, kò bojú wẹ̀yìn. Ó ní, "Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Gìgísẹ̀ mi ni kó o máa wò, ọmọ mi. Bí mo bá gbé e, gbé tìrẹ."

Gìgísẹ̀ náà ti là bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Ó gbé e, mo gbé tèmi. Nígbà tí a dà á tán, ọ̀gá ní kí n padà wá lọ́la. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ mi jẹ ẹ̀wà yó, ó sùn sí mi láyà.

Ó pẹ́ gan-an kí n tó gbọ́ pé iyanrìn ni Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún máa ń kó nísàlẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni òun náà kọ́kọ́ gun pákó.