Ìdí Tí Ìgalà Fi Ní Àmì Funfun Lára, Tó Sì Ń Dá Rìn

Ìgalà ṣẹ̀. Ó yà kúrò lójú ọ̀nà tí gbogbo ẹranko jọ fọwọ́ sí, ó tẹ ẹyin ẹlẹ́yin fọ́, ó sì dákẹ́ nígbà tí wọ́n di ẹ̀bi rẹ̀ ru ẹlòmíràn. Nínú gbogbo rẹ̀, dídákẹ́ yẹn ló burú jù. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti rí.

Nígbà láéláé, ìgalà kì í dá rìn bí a ti ń rí i lónìí. Àárín ẹgbẹ́ ni ó máa ń wà, òun, ìyàwó àti ọmọ. Ara rẹ̀ pupa bí amọ̀ láti ọrùn dé ìrù, kò sí àmì kankan níbẹ̀.

Ní ayé ìgbà náà, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, tí odò ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ sì gbẹ, àwọn ẹranko á kó ìdílé wọn, wọ́n á gun Òkè Olómi lọ. Atẹ́gùn tútù ń fẹ́ lórí òkè náà. Omi ń sun láàárín àpáta níbẹ̀, kì í gbẹ. Àwọn ọmọ á máa ṣeré lórí àpáta, àwọn àgbà á máa pa àlọ́ nírọ̀lẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò wà títí àkọ́rọ̀ òjò yóò fi dé.

Ṣùgbọ́n òkè náà ní òfin. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló gun orí rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ yà kúrò níbẹ̀. Òfin náà kì í ṣe àṣejù. Igi kò pọ̀ lórí òkè, inú koríko ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni àwọn ẹyẹ ń yé sí. Nítorí náà, bí àwọn ẹranko bá ń rìn, ẹni tó wà níwájú á ké pé, "Ẹ tọ ọ̀nà o!" Ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá á dáhùn pé, "À ń tọ̀ ọ́!" Bí ohùn ẹ̀yìn kò bá dáhùn, gbogbo wọn á dúró.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, Àparò yé ẹyin sí abẹ́ koríko kan nítòsí ibi omi. Àgbàrá ti gbé ẹyin rẹ̀ lọ ní ọdún tó ṣáájú, kò sì rí ọmọ kankan tọ́. Ó sàba lé ìwọ̀nyí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹun. Bí ẹnikẹ́ni bá ń kọjá, á sọ pé, "Ẹ rọra o, àlejò ń bọ̀ nílé mi."

"A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ," ni wọ́n máa ń dá a lóhùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ìgalà kó àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì lọ sí ẹsẹ̀ òkè láti ṣa àgbálùmọ̀. Wọ́n jẹ, wọ́n yó, wọ́n sì ń padà bọ̀.

"Bàbá," ni àbúrò wí, "Ehoro ní ẹsẹ̀ yín kàn gùn lásán ni. Ó ní ẹ ò lè sáré."

"Ehoro wí bẹ́ẹ̀?"

"Ó ní ìgbín ni ẹ̀gbọ́n yín!" Àwọn ọmọ méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn gún Ìgalà lára. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, kò rí ẹnikẹ́ni. "Ẹ máa wò mí," ló wí. Ó fò kúrò lójú ọ̀nà, ó ki eré mọ́lẹ̀ nínú koríko, ó kọrí sí ibi omi. Àwọn ọmọ ń hó yèè.

Àkókò yẹn gan-an ni Àparò ti dìde lórí ẹyin rẹ̀ láti lọ bu omi mu.

Ìgalà gbọ́ ohun kan tó fọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó dúró, ó wo ilẹ̀. Kò ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Ó nu pátákò rẹ̀ mọ́ koríko, ó sì padà sójú ọ̀nà.

"Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀," ló sọ fún àwọn ọmọ.

"Ṣùgbọ́n, Bàbá, ẹyin—"

"Mo ní kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀!"

Àwọn ọmọ pa ẹnu mọ́. Báyìí ni bàbá ṣe fi irọ́ kọ́ ọmọ tirẹ̀.

Kò pẹ́ tí igbe Àparò fi gba gbogbo òkè. Àwọn ẹranko sáré dé. Ihò Òkété kò jìnnà síbẹ̀, gbogbo wọn ló sì mọ Òkété sí olè. Wọ́n fà á jáde síwájú Ẹfọ̀n, tó jẹ́ àgbà gbogbo wọn.

"Baba, olè ni mí, n kò sẹ́," ni Òkété wí. "Iṣu Ọ̀bọ tó sọnù níjẹta, inú mi ló wà. Ṣùgbọ́n ẹyin yìí, ojú mi kò rí i."

"Ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀!" ni Ọ̀bọ pariwo. "Ó jẹ iṣu mi tán, ó wá ní ẹyin ń rùn sí òun!"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹfọ̀n kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bí ẹlòmíràn bá wà tó yà kúrò lójú ọ̀nà lónìí, kó sọ̀rọ̀."

Ìgalà wo ilẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ sá sẹ́yìn ìyá wọn. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀.

Ẹfọ̀n dájọ́ pé kí Òkété kúrò lórí òkè, òun, ìyàwó àti ọmọ. Kò sí omi ní ìsàlẹ̀. Gbogbo wọn ló mọ ohun tí ìdájọ́ náà yóò fà.

Àṣà wọn ni pé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni yóò tẹ̀ lé ẹni tí wọ́n lé, tí yóò máa fi ìgbálẹ̀ pa ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ rẹ́, kó má baà mọ ọ̀nà padà. Àparò mú ìgbálẹ̀, ó ń sunkún. Òkété bọ́ síwájú. Ìyàwó rẹ̀ pọn àbíkẹ́yìn, àwọn ọmọ yòókù tò tẹ̀ lé e. Wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ lọ, àárín ọ̀nà gan-an ni wọ́n ń tẹ̀, ọ̀kankan nínú wọn kò fi ẹsẹ̀ kan koríko.

Òkété rọra sọ níwájú pé, "Ẹ tọ ọ̀nà o."

Èyí tó kéré jù nínú àwọn tó ń rìn dáhùn lẹ́yìn pé, "À ń tọ̀ ọ́!"

Ìgalà gbọ́ ohùn ọmọ náà, kò lè fara dà á mọ́. Wọ́n ń lé àwọn tó ń tọ ọ̀nà lọ, òun tó yà wà lórí òkè.

"Ẹ dá wọn dúró!" ló ké. "Èmi ni! Èmi ni mo tẹ ẹyin náà fọ́!"

Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Àparò. Òun àti ìdílé Òkété yí padà wá sókè.

Ìgalà rìn lọ síbi tí ẹyin fọ́ sí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Àparò, ó yí sí ọ̀tún, ó yí sí òsì, bí a ti ń bẹ ẹni tí a ṣẹ̀ gidigidi.

"Kí ni kí n fi ìdọ̀bálẹ̀ rẹ ṣe?" ni Àparò wí. "Ṣé ó lè di ọmọ fún mi?"

 Nígbà tí Ìgalà dìde, èèpo ẹyin ti lẹ̀ mọ́ ìhà rẹ̀ méjèèjì, wọ́n funfun tótòtó. Ó gbọn ara, wọn kò bọ́. Ó fi omi wẹ̀ wọ́n, wọn kò ṣí.

Ẹfọ̀n ní, "A kò ní fi omi dù ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè bá wa tọ ọ̀nà kò ní bá wa rìn mọ́. Ìwọ nìkan ni yóò máa lọ, ìwọ nìkan ni yóò máa bọ̀."

Láti ọjọ́ náà ni ìgalà ti ní àmì funfun lára, tó ń dá rìn nínú igbó, tó sì máa ń gbé ẹsẹ̀ dúró díẹ̀, kó wo ilẹ̀, kó tó tẹ̀ ẹ́.

Ṣùgbọ́n kó tó lọ ní ọjọ́ yẹn, ó yíjú sí Òkété. Ẹnikẹ́ni kò retí rẹ̀, nítorí ta ní í bẹ olè? Ó tún dọ̀bálẹ̀, níwájú gbogbo ẹranko àti níwájú àwọn ọmọ tó pa irọ́ fún. Ó ní:

"Òkété, o jí iṣu, o sì jẹ́wọ́ rẹ̀. Èmi fọ́ ẹyin, mo sì dákẹ́, nítorí mo mọ̀ pé kò sí ẹni tí yóò gbà ọ́ gbọ́. Díẹ̀ ló kù kí òùngbẹ pa àwọn ọmọ rẹ nítorí ìtìjú mi. Mo ṣẹ̀ ọ́. Mo ṣẹ ìyàwó rẹ. Mo ṣẹ èyí tó ń dáhùn lẹ́yìn. Kí gbogbo òkè gbọ́ o: Òkété kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀. Jọ̀wọ́, dárí jì mí."