Adágún Àyìnkẹ́ àti Amù Ìyá Àgbà

"Kó o tó fi yẹ̀pẹ̀ dí adágún ẹlòmíì, yẹ amù tìẹ wò." Ṣé ẹ mọ ibi tí òwe yìí ti wá? Ní Ìdí-Ọsàn, tọmọdé tàgbà ló ń pa á, àmọ́ ẹ bi wọ́n ní ìdí ẹ̀, wọ́n á máa wojú ara wọn. Ó yá, ẹ gbọ́.

Àyìnkẹ́ ń gbin ẹ̀fọ́ sẹ́yìn ilé ẹ̀. Adágún kékeré kan wà níbẹ̀ tó fi ń bomi rin ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Adágún yẹn ló ń bọ́ ọ. Tí kò bá sí i, kò sí tẹ̀tẹ̀, kò sí ṣọkọ.

Lọ́dún kan, ibà wọ àdúgbò. Bàbá Ejídé, tí ògiri tiẹ̀ kan ti Àyìnkẹ́, ní adágún yẹn ni ẹ̀fọn ti ń wá. Ọmọ-ọmọ tiẹ̀ gan-an ń gbọ̀n lórí ẹní. Ló bá kó àwọn géńdé jọ pẹ̀lú ṣọ́bìrì, wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ jọ gègèrè láti fi dí i. Àyìnkẹ́ dúró létí omi.

Àfi bí wolé-wolé ṣe yọ. Ẹ ṣáà mọ̀ wọ́n, àwọn tó ń ti ojúlé dé ojúlé lóṣooṣù, tí wọ́n ń wo omi bóyá ọmọ ẹ̀fọn wà níbẹ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ wo ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sin."

Ó bu omi adágún sínú abọ́ funfun, ó tún bù ú. Ẹja wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ ló rí, kò rí tanwíjí kankan. "Àwọn ẹja yìí ń jẹ ẹ́ tán ni. Ó ku ilé yín."

"Ilé tèmi kẹ̀? Ṣé mo jọ ẹni tó ń sin ẹ̀fọn?"

"Ẹ̀fọn kì í kágò, Bàbá."

Amù ńlá kan wà ní ìyẹ̀wù Bàbá Ejídé, ìyá ìyá ẹ̀ ló fi sílẹ̀. Wọn kì í da omi ẹ̀ nù, wọ́n á kàn máa bù kún un ni, kí èyí tí ìyá àgbà fọwọ́ ara ẹ̀ pọn má baà tán. Wọn kì í sì í dé e, kí màmá lè ráyè wá mu láti ọ̀run. Wolé-wolé bu omi níbẹ̀. Tanwíjí ń jà ràìràì nínú abọ́ funfun. Bàbá Ejídé wo abọ́, ó wo ọmọ tó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ amù, ó jókòó sílẹ̀.

"Mi ò lè dà á nù," ló wí. "Kí ni mo fẹ́ sọ fún màmá?"

Àyìnkẹ́ jáde. Nígbà tó máa padà dé, igbá ẹja inú adágún ló gbé dání.

"Ẹ gbà, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí àlejò bá màmá mu ún."

Bàbá rẹ́rìn-ín tìtìjú-tìtìjú. Yẹ̀pẹ̀ tó ti kó jọ ńkọ́? Wọ́n fi kọ ebè tuntun fún Àyìnkẹ́. Nígbà tí wolé-wolé tún padà wá, ẹja ló bá nínú amù, kò rí tanwíjí kankan mọ́, ọmọ náà sì ń sáré kiri láàárín ebè.

Ìdí nìyẹn o. Bí ẹnì kan bá ń di ẹ̀bi ìyọnu ilé ẹ̀ ru aládùúgbò, tí kò tíì wo inú ilé ara ẹ̀, òwe yẹn làwọn àgbà á pa fún un.