Etí Baálẹ̀ Wà Nídìí Ayò

Láyé ìgbà tí àwọn baba wa ṣì ń fi pérégún pààlà oko, baálẹ̀ kan wà tí ayò gbà lọ́kàn.

Lọ́jọ́ kan, opó kan, Ìbídùn, pe Fádèyí àbúrò ọkọ rẹ̀ lẹ́jọ́. Ó ní Fádèyí wú pérégún ààlà, ó sì gba oko tí òun fi ń bọ́ àwọn ọmọ òun. Bí wọ́n ti ń rojọ́, àwọn kan ń ta ayò lábẹ́ igi odán iwájú ilé. Baálẹ̀ ń mi orí síbi ẹjọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ayò ni ọkàn rẹ̀ ń kà.

Fádèyí dọ̀bálẹ̀: "Baba, èmi ni mo wú u. Ojúkòkòrò ló mú mi."

Lójijì, igbe ayọ̀ ta lábẹ́ odán. Baálẹ̀ ta gìrì, ó ní: "Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Fádèyí ló jàre. Òun ló ni oko."

Fádèyí pàápàá kò lè gbójú sókè.

Ìbídùn kúnlẹ̀, ó ní: "Baba, ọkùnrin yìí ti jẹ́wọ́. A kì í ru ẹran erin lérí, ká máa fi ẹsẹ̀ wa ìrẹ̀ nílẹ̀. Tótó, ó ṣe bí òwe o."

Ojú ti baálẹ̀. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó tẹjú mọ́lẹ̀.

"Wàá rí òmíràn pa, ìyá," ni ó wí, "ṣùgbọ́n kì yóò jẹ́ nítorí tèmi mọ́. Ẹ tún ẹjọ́ náà rò láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ń gbọ́ wàyí."

Kí ọkàn wa má fi ojú wa sílẹ̀ lọ́jọ́ ìpinnu. Ilé yín yóò tòrò. Àwọn ọmọ yín kò ní pàdánù ogún baba wọn.