Àkísà Àwẹ̀ró

Ta ló ń fi àkísà yangàn? Ẹni tó láṣọ ló ń yan fanda lójú agbo. Ẹni tó ní àkísà, ìdí àpótí ló ń fi í pamọ́ sí. Síbẹ̀, àwọn àgbà wa ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ó jọ ọ̀rọ̀ ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Kò dàrú o. Ewúrẹ́ kan wà nídìí ọ̀rọ̀ náà.

Nílùú Ìlàròkè, ẹni tí yóò bá jẹ Baálẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ aṣọ tuntun jókòó sórí àga. Aṣọ tó dàgbà jù ú lọ ni yóò wọ̀, kó má baà rò pé orí òun ni ìlú ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí òwò aṣọ àtijọ́ fi gbilẹ̀ níbẹ̀. Àwọn méjì ló lókìkí jù nínú rẹ̀: Àwẹ̀ró, ìyá arúgbó tó ti ń ta á kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ oníbàárà rẹ̀, àti Láoyè, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

Kò sí ohun tí Láoyè fẹ́ràn bí kó dé abúlé tí kò dé rí, kí wọ́n ṣí àpótí àtayébáyé fún un, kí òórùn aṣọ inú rẹ̀ sì kọlu imú rẹ̀. Inú rẹ̀ á dùn dẹ́yìn. Tó bá rà á délé, á fọ̀ ọ́, á ní kí aránṣọ pa gbogbo ihò rẹ̀ dé, á sì lù ú títí yóò fi máa dán. Àwẹ̀ró kì í fọ tirẹ̀. Kì í tiẹ̀ sanwó àfi tí onílé bá dáhùn ìbéèrè kan: "Kí ló ya á?" Wọn a jókòó, wọn a máa rojọ́ aṣọ, oúnjẹ a jóná lórí iná.

Nígbà tí wọ́n mú Oyèdépò láti jẹ Baálẹ̀, Láoyè dìde láàárín ọjà.

"Bí Baálẹ̀ bá fi aṣọ mi sílẹ̀ tó wọ ti Ìyá Àwẹ̀ró, èmi ni n ó máa ru ẹrù wọn wá sọ́jà títí oyè yóò fi tún ṣí!"

Ọjà hó yèè. Àwẹ̀ró ń jẹ obì rẹ̀ lọ ní tirẹ̀.

Ìyá Ládùn, ẹ̀gbọ́n bàbá Oyèdépò, ni àwọn ẹbí ní kó yẹ aṣọ wò. Ó yí aṣọ Láoyè síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Aṣọ yìí mọ́ jù," ló wí. "Ta ló lè mọ̀ bóyá àná ni wọ́n hun ún? Ẹ padà wá lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀."

Láoyè sáré délé, ó tú ẹrù rẹ̀. Gbogbo aṣọ tó ní, kò sí èyí tí kò tíì rán ihò rẹ̀ pa. "Ṣé ihò nìkan ló kù?" ló bi ara rẹ̀. Ló bá ri etí aṣọ mìíràn bọ omi iyọ̀, ó gbé e síwájú ewúrẹ́ aládùúgbò rẹ̀. Ewúrẹ́ ṣe é bí iṣẹ́. Láoyè ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Ọjọ́ ọjà pé. Ìyá Ládùn na ọwọ́ sí ojú ibi tó ya.

"Kí ló ya á?"

"Ogun ni, Ìyá. Ọfà ló bà á lára bàbá ńlá mi."

"Ẹ kú ewu. Irú ọfà wo ló ń ya aṣọ jákujàku báyìí?"

"Ọfà olóró ni, Ìyá."

Kò tíì pa ẹnu dé tí ewúrẹ́ ya wọ agbo. Adùn iyọ̀ kò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó gba àárín àwọn àgbà kọjá, ó fi ẹnu gbá etí aṣọ náà mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ibi tó jẹ kù.

Ìyá Ládùn ní, "Ẹ yàgò o! Ọfà náà ti dé!"

Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Láoyè ń fa aṣọ, ewúrẹ́ ń fà á.

Nígbà náà ni Àwẹ̀ró tú ẹrù rẹ̀. Sányán kan ló nà sílẹ̀, iná ti jó ihò sí i láyà.

"Bí wọ́n ṣe sọ fún mi níbi tí mo ti rà á," ló wí, "ìgbà ọyẹ́ ni. Ọmọbìnrin kékeré kan ń gbé ẹyin iná bọ̀ wá fún bàbá rẹ̀, ó kọsẹ̀, iná dà sí bàbá láyà. Bàbá ò lù ú. Ó ní aṣọ ló jó, ọmọ ò jó."

Ìyá Ládùn fọwọ́ kan ihò náà.

"Èmi ni mo kọsẹ̀," ló wí. "Ọdún ìyàn ni wọ́n tà á. Mo ti rò pé mi ò ní fojú kàn án mọ́." Ó gbé aṣọ náà mọ́ra, ó ń sunkún, inú rẹ̀ sì ń dùn.

Láoyè kò gbà. "Ìyá Àwẹ̀ró, aṣọ tèmi kún yàrá méjì!"

"Mo mọ̀, ọmọ mi," Àwẹ̀ró dá a lóhùn. "Àkísà rẹ ńkọ́?"

Aṣọ oníhò náà ni Oyèdépò wọ̀ jẹ Baálẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Láoyè ń ru ẹrù. Tí wọ́n bá dé oríta, Àwẹ̀ró á dúró, á gbójú sókè, á ní, "Kí Baálẹ̀ wa ó pẹ́ lóyè o!" Láoyè á dáhùn lábẹ́ ẹrù pé, "Àṣẹ, Ìyá." Oyèdépò sì pẹ́ lóyè, Àwẹ̀ró náà ò kánjú. Irun Láoyè bẹ̀rẹ̀ sí í funfun lábẹ́ òṣùká.

Bí àlejò bá bi í pé kí ló dé tí ẹni tí aṣọ kún yàrá rẹ̀ fi ń ru àkísà ẹlòmíì kiri, á mí kanlẹ̀, á ní: "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà."