Irú Aláǹtakùn Tó Gé Ọba Nímú Jẹ

Àlọ́ mi já bọ́ látòkè àjà, kò já lu arúgbó, kò já lu ọmọdé, ẹ̀yìn Ọmọ́nlé ló bà lé pẹ́ẹ́.

Eṣinṣin ló ń wu Ọmọ́nlé jẹ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Kì í kúkú ṣe eṣinṣin lásán. Ọba Ẹkùn jẹ iṣu sísun pẹ̀lú epo, kò nu ẹnu, ó nà gbalaja sórí ẹní, ó sùn lọ. Eṣinṣin ńlá kan wá bà lé e nímú, ó ń lá epo. Ọmọ́nlé ń wò ó látòkè, ó ń gbé itọ́ mì. Ó ní, "Bí mo bá fi eléyìí sílẹ̀, ta ni mo fi í sílẹ̀ fún?" Ló bá já bọ́, ó la ẹnu, ó gbá eṣinṣin mú. Kò mọ̀ pé imú ọba wà nínú ohun tí òun gbá mú.

Ọba ta gìrì, ó bú ramúramù. Imú rẹ̀ wú, ó rí rogodo bí ọsàn. Kí ojú rẹ̀ tó là tán, Ọmọ́nlé ti wà lára ògiri, ó ti nu ẹnu, òun náà ló sì kọ́kọ́ bèèrè pé, "Kábíyèsí, kí ló dé?"

"Nǹkan kan gé mi nímú jẹ, ó sá gòkè àjà."

"Aláǹtakùn ni," ni Ọmọ́nlé wí, ó mi orí. "Wọn ò lẹ́kọ̀ọ́."

Ẹ ò rí i pé irọ́ kì í pẹ́ délẹ̀ lẹ́nu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán.

Ọba ní kí wọ́n gbé iná wá. Gbogbo àjà tó wà nílùú ni kí wọ́n sun, títí kan ti Ìgbín tí ilé rẹ̀ kò ní àjà, kí aláǹtakùn kankan má ṣẹ́ kù. Ọmọ́nlé gbójú wo òkè. Òkè àjà ni òun náà ń sùn. Irọ́ tó fi bo ara rẹ̀ ti fẹ́ sun ún mọ́lé.

Ó sáré dọ̀bálẹ̀. "Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Aláǹtakùn kì í ṣe irú kan ṣoṣo. Bí ẹyẹ ṣe wà níran-níran ni wọ́n ṣe wà. Èyí tó ń gbé etídò kò rí èyí tó ń gbé ara ògiri rí. Bí ẹ bá sun gbogbo wọn, ẹ ti jẹ aláìṣẹ̀ níyà, ọ̀daràn gan-an a sì ti wà lóko, a máa fi yín rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n lọ káàkiri, kí n mọ irú wọn, kí n mọ ibi tí irú kọ̀ọ̀kan fi ṣe ilé. Ìgbà yẹn la óò mọ irú èyí tó ṣẹ̀ yín."

Ọba rọra fọwọ́ kan imú. "Ta ló lè ṣe iṣẹ́ yẹn?"

"Èmi rèé, Kábíyèsí. Yàrá wọn ni yàrá mi."

"Ó dáa. O mọ̀ pé ìránṣẹ́ ọba kì í ṣiṣẹ́ nílé ẹni kó fi ebi kúrò níbẹ̀. Ilé tí o bá ti rí irú tí a kò rí rí, kí wọ́n bọ́ ọ yó. Ilé tí o kò bá rí nǹkan tuntun, máa bá tìrẹ lọ."

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, "kí wọ́n bọ́ ọ yó" nìkan ni Ọmọ́nlé gbọ́ dáadáa. Nǹkan méjì ló kù tó ń lé: kí ọba má mọ eyín tó wọ̀ ọ́ nímú láéláé, àti kí ikùn òun kún kí imú ọba tó wú náà tó lọ sílẹ̀.

Kí n má ṣe parọ́ mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ó dé etídò, ó rí aláǹtakùn kan tó ń rìn lórí omi láì rì, ó ń kó ọmọ Ọ̀pọ̀lọ́ jẹ. Ọ̀pọ̀lọ́ fún un ní kòkòrò díẹ̀, ojú rẹ̀ kò dùn sí i. Ó dé oko Ọ̀kẹ́rẹ́, ó rí èyí tó ta okùn ràbàtà sáàárín igi méjì, okùn náà pupa yẹ́ẹ́ bí epo lójú oòrùn, ìyá náà jókòó sí àárín rẹ̀, kì í kúrò. Ọ̀kẹ́rẹ́ fún un ní ẹ̀pà. Ní ara àpáta, ó rí èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ohun tí ẹsẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní ara ògiri Òkété, ó rí kékeré kan tí kò takùn rárá, fífò ló ń fò mọ́ eṣinṣin bí ológbò. Gbogbo rẹ̀ ló kó sórí, oúnjẹ ibẹ̀ ló kó síkùn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀pà àti kòkòrò, ṣé oúnjẹ ìránṣẹ́ ọba nìyẹn? Ilé Erin ni odó ti ń dún. Ó lọ síbẹ̀, ó wo òkè àjà, kò rí ju aláǹtakùn inú ilé lọ, ẹlẹ́sẹ̀ tíín-tìn-tín, irú kan náà tó wà láàfin. Kò sí irú tuntun, kò sí iyán. Òórùn ọbẹ̀ ẹ̀gúsí sìn ín dé ojú ọ̀nà.

Ó padà sí àjà ààfin, ó lọ bá Ìyá Aláǹtakùn tó so rọ̀ ní igun, tó ń ṣọ́ àpò ẹyin rẹ̀.

"Ìyá, ẹ kú ìsinmi o."

"O kò kí mi rí láti ọjọ́ tí o ti pa ọkọ mi jẹ."

"Ẹ jẹ́ ká gbàgbé ìyẹn, Ìyá. Ọba ṣì fẹ́ sun àjà yìí, ẹ sì mọ̀ pé ẹyin yín kò lè fò. Ẹ bá mi jáde díẹ̀, kí n máa fi yín han àwọn èèyàn. Èmi náà á rí i pé ẹ̀bi kò kan ìdílé yín."

"Ọmọ́nlé, ibí yìí ni mo wà nígbà tí o já bọ́ lu ọba."

"Mo mọ̀. Ta wá ni ọba máa gbọ́ tiẹ̀ nínú wa, ìránṣẹ́ rẹ̀ ni, àbí ẹni tí wọ́n ń fi ìgbálẹ̀ lé?"

Ìyá Aláǹtakùn wo àpò ẹyin rẹ̀ títí. Ó sọ̀kalẹ̀, ó wọ inú àdó tí Ọmọ́nlé gbé dání.

Lẹ́yìn ilé Erin, Ọmọ́nlé mú osùn, ó kùn ún sí i lẹ́yìn dẹndẹ.

"Osùn ò lè sọ mí di irú mìíràn," ni Ìyá wí. "Bí a ṣe ń takùn ni wọ́n fi ń mọ̀ wá, àti bí ojú wa ṣe tò, àti ibi tá a ń gbé."

"Ìyá, ẹni tó ń gúnyán fún mi kò ní ka ojú yín."

Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé orin, àwọn ọmọ Erin ń gbè é:

Onílé, ẹ ṣílẹ̀kùn,
*Okùn wéré.*
Ọba ló rán mi níṣẹ́,
*Okùn wéré.*
Mo fẹ́ wo òkè àjà,
*Okùn wéré.*
Màá tún wo inú ìkòkò,
*Okùn wéré.*

Erin ní, "Ìwọ tún ni?"

"Bàbá, igun kan ló ṣẹ́ kù." Ọmọ́nlé gòkè, ó tú Ìyá sílẹ̀, ó bá rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà. "Bàbá, ẹ ṣí fìlà."

"Nítorí kí ni?"

"Ẹ ò rí i bó ṣe pọ́n? Elósùn nìyí. Kì í gbé ilé ẹni kékeré. Ibi tí ẹni tó tóbi ju ọba lọ bá ń gbé nìkan ló ti ń takùn."

Erin wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Má pariwo. Tóbi ju ọba lọ báwo?"

"Ní ti ìdí jíjókòó ni mo ń sọ, Bàbá."

"Ìyáálé," ni Erin pe aya rẹ̀, "ẹ má wulẹ̀ bu iyán yẹn. Ẹ gbé odó wá."

Nígbà tó kúrò níbẹ̀, Ọmọ́nlé kò lè rìn, yíyí ló ń yí. Ó yí dé ilé Ẹfọ̀n. Níbẹ̀, ẹfun ló fi kun Ìyá lábẹ́ ikùn, nítorí kò rí omi fọ osùn ẹ̀yìn kúrò. Ó yí i padà, ikùn rẹ̀ sókè, kí Ẹfọ̀n lè rí funfun nìkan.

"Ẹ̀gbọ́n, Ẹlẹ́fun nìyí. Ọ̀dọ̀ akíkanjú nìkan ló ń gbé. Ṣùgbọ́n ojú ń tì í púpọ̀. Bí wọ́n bá dé ìkòkò nígbà tí àlejò wà nílé, á kó lọ, kò sì ní padà."

"Ta ló dé ìkòkò?" ni Ẹfọ̀n fi ìbínú bèèrè lọ́wọ́ àwọn ará ilé rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwo ṣí ìdérí, ó ṣí ti ọbẹ̀, ó ṣí ti ẹran, ó ṣí ti agbo tí ìyá rẹ̀ ń mu. Ọmọ́nlé tọ́ gbogbo rẹ̀ wò, àfi agbo.

Láìpẹ́, Erin pàdé Ẹfọ̀n lójú omi. Erin ní, "Ṣé Elósùn wà nílé tìrẹ?" Ẹfọ̀n ní, "Kí ni mo fẹ́ fi Elósùn ṣe? Ẹlẹ́fun ló ń bá mi gbé." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ilé wọn yangàn títí ọ̀rọ̀ fi dé etí ọba. Ọba ní, "Iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Ẹ pe Ọmọ́nlé kó wá jábọ̀."

Gbogbo ìlú pé sí ààfin. Ọmọ́nlé gbé àdó sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wú ikọ́, ó sì ro ẹjọ́ bí àgbà: ti etídò, ti oko, ti àpáta, ti ògiri, ti òkè àjà, Elósùn ilé Erin, Ẹlẹ́fun ilé Ẹfọ̀n. Wọ́n yìn ín. Orí rẹ̀ wú.

Ọba ní, "O ṣe é. Èwo nínú wọn ló wá gé mi jẹ?"

Ọmọ́nlé wo Erin. Erin gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó rọra gbé e sílẹ̀. Ó wo Ẹfọ̀n. Ẹfọ̀n ń pọ́n ìwo rẹ̀ lára òpó. Bó bá ní ti òkè àjà ni, iná ló máa tẹ̀ lé e.

"Ti etídò ni, Kábíyèsí."

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé kì í fi etí omi sílẹ̀ ni."

"Ẹ má bínú. Ti oko ni mo fẹ́ sọ."

"Èyí tí kì í kúrò láàárín okùn rẹ̀?"

Bí iṣẹ́ òótọ́ díẹ̀ tó ṣe ṣe ń dí i lọ́nà nìyẹn. Ó ní, "Ká má fi ọ̀rọ̀ gùn, Kábíyèsí, irú kan kù. Àjèjì ni, kò ní ilé."

"Júwe rẹ̀."

Abọ́ omi tí ọba fi ń fọ ọwọ́ wà níwájú Ọmọ́nlé. Òpùrọ́ tí kò ní àyè, ohun tó bá sún mọ́ ọn ló máa ń mú. Ọmọ́nlé wo inú omi, ó rí ojú kan níbẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó rí.

"Ojú rẹ̀ yọ síta, kì í sì ṣẹ́jú."

"Àwọ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó funfun ràndàn bí ẹ̀kọ tútù."

"Ó ń takùn?"

"Kò mọ̀ ọ́n ta. Ọmọ ìka rẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́ ògiri."

"Ẹsẹ̀ mélòó ló ní?"

"Mẹ́jọ ni, Kábíyèsí. Aláǹtakùn kúkú ni."

"Mẹ́rin ni ara mi gbọ́ lórí imú mi."

"Ẹ wo bí ẹ ṣe gbọ́n. Bó bá ti fẹ́ jẹun, á ká mẹ́rin tó kù sínú ikùn."

Gbogbo ààfin yíjú sí i. Ọmọ́nlé rò pé ọ̀rọ̀ òun ló wọ̀ wọ́n lára. Erin tún wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Kábíyèsí, mi ò mọ̀ nípa aláǹtakùn," ni Erin wí, "ṣùgbọ́n irú èyí tó ń júwe yìí, ó ti jẹ iyán nílé mi."

Ọmọ́nlé sáré ṣí àdó. "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ẹ wá wo Elósùn."

Ìyá Aláǹtakùn jáde, ẹ̀yìn rẹ̀ pupa, ikùn rẹ̀ funfun.

"Tèmi nìyẹn," ni Erin wí.

"Tìẹ báwo?" ni Ẹfọ̀n dá a lóhùn. "Ẹ wo ẹfun lábẹ́ rẹ̀. Tèmi ni."

Ìyá rìn kọjá láàárín wọn. Ó wọ inú abọ́ omi, ó wẹ̀. Osùn ṣí, ẹfun ṣí, ó kù ú ku aláǹtakùn òkè àjà, ẹlẹ́sẹ̀ tíín-tìn-tín. Ó gun etí abọ́.

"Kábíyèsí, igun àjà yín ni mo ń gbé. Ìránṣẹ́ yín ṣiṣẹ́ díẹ̀. Ti etídò, ti oko, ti àpáta, ti ògiri, òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹyọ kan ló gbàgbé láti kà mọ́ wa."

"Èwo?"

Kò dárúkọ. Ó kàn gbé ojú sókè, gbogbo ojú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tó ní. Ọba tẹ̀ lé ojú náà. Ọmọ́nlé ti gun òpó láìmọ̀ nítorí ẹ̀rù, ó ti dorí kodò sókè orí ọba, ojú rẹ̀ yọ síta, kò sì ṣẹ́.

Ọba fò. Ìrù Ọmọ́nlé nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ bá, ìrù náà já, ó ń ta pútú-pútú nílẹ̀. Ọmọ́nlé lẹ̀ mọ́ àjà.

"Kábíyèsí, ẹ ṣàánú mi. Èmi kì í ṣe aláǹtakùn. Ẹsẹ̀ mẹ́rin péré ni mo ní."

"Mẹ́rin yòókù wà nínú ikùn rẹ," ni ọba wí, "pẹ̀lú iyán Erin. Wọ́n ti kà ọ́ mọ́ wọn. Ìgbálẹ̀ tó bá lé aláǹtakùn, kó lé ọ. Ohun tí aláǹtakùn ń jẹ ni kí o máa jẹ. Ẹni tó bá tún bu iyán fún ọ, èmi àti onítọ̀hún ni. Ẹ má sun àjà mọ́."

Ìyá Aláǹtakùn ti gòkè lọ sídìí ẹyin rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí Ọmọ́nlé fi ń bá aláǹtakùn gbé igun kan náà títí dòní. Bí ẹ bá gbọ́ tó ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ lára ògiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń kà, bóyá yóò rí i pé mẹ́rin ni.

Ẹni tí yóò bá júwe ọ̀daràn fún ọba, kó kọ́kọ́ gbé abọ́ omi kúrò níwájú ara rẹ̀.

Ibi tí okùn àlọ́ mi gùn dé nìyẹn. Bí mo bá fi irọ́ gùn ún, kí aláǹtakùn takùn bo ẹnu ìkòkò ọbẹ̀ mi.